Fláàṣì tí kò ní àkọlé: báwo ni a ṣe ń mọ Windows tí ó wà nínú rẹ̀ kí ó tó kan ẹ̀rọ oníbàárà?

Ìbéèrè

Ẹ̀yin ọ̀gá mi, mo kí yín o. Old Garage níhìn-ín ní Òṣogbo ni mo ti kọ́ iṣẹ́ àtúnṣe kọ̀ǹpútà. Lẹ́yìn tí mo gba òmìnira, ọ̀gá mi kó lọ sí Ìbàdàn, ó sì fi àpò ọ̀rá kan sílẹ̀ fún mi tí ó kún fún fláàṣì àti DVD tí a fi ń gbé Windows sórí ẹ̀rọ. Kò sí àkọlé lára wọn. Àwọn tí wọ́n ti kọ nǹkan sí lára tẹ́lẹ̀, máákà náà ti pa rẹ́. Akẹ́kọ̀ọ́ láti Òkè-Baálẹ̀ ni ó pọ̀ jù nínú àwọn oníbàárà mi. Ọ̀kan ní Windows 10 Pro ni òun fẹ́, mo gbé e sí i tán ni a rí i pé Home ni. Òmíràn ní RAM gígábáìtì 8, bíìtì 32 ni mo gbé sí i láìmọ̀, ẹ̀rọ náà kò sì lè lò ju gígábáìtì 4 lọ. Ẹni tí a jọ wà ní ojú ṣọ́ọ̀bù kan náà ní kò sí ọgbọ́n mìíràn ju kí n máa fi wọ́n búùtù (kí n máa fi wọ́n tan ẹ̀rọ) lọ́kọ̀ọ̀kan. Ṣé lóòótọ́ ni pé kò sí ọ̀nà tí a fi ń mọ ohun tí ó wà nínú wọn kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀?

* * *

Ọ̀nà wà. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó ń fi ojú dá irú nǹkan báyìí, tí a ó ní fláàṣì pupa ni ti Windows 10, dúdú sì ni ti Windows 7, títí ọmọṣẹ́ kan yóò fi da orin sínú èyí pupa.

Mo ti ka èsì àwọn tí wọ́n ṣáájú mi, ọ̀nà mẹ́ta ni ó sì wà nínú wọn. Àwọn kan ní kí ẹ fi í búùtù kí ẹ wo ohun tí yóò kọ sójú. Àwọn kan ní kí ẹ fi ọwọ́ ọ̀tún máùsì tẹ setup.exe, kí ẹ ka ohun tí Properties rẹ̀ sọ. Àwọn tí ó kù ní orúkọ tí fláàṣì ń jẹ́ nígbà tí ẹ bá kì í bọ ẹ̀rọ ti tó. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní ìwúlò tiwọn, ṣùgbọ́n kò sí èyí tí mo lè tìtorí rẹ̀ nìkan fọwọ́ kan hard disk ẹlòmíràn.

Ìdí rẹ̀ ni pé ohun tí ó ń wọ inú ẹ̀rọ kì í ṣe setup.exe, kì í sì í ṣe orúkọ fláàṣì. Fáìlì ńlá kan ni, tí ó wà nínú fóldà sources, tí ó ń jẹ́ install.wim tàbí install.esd. Òun ni ẹrù, alábàárù ni gbogbo ìyókù. Ẹ kì fláàṣì náà bọ kọ̀ǹpútà tí ó ń ṣiṣẹ́, ẹ ṣí Command Prompt gẹ́gẹ́ bí administrator, ẹ wo lẹ́tà tí fláàṣì gbà, ká ní E ni, kí ẹ wá tẹ èyí, tí ó ń pe DISM, irinṣẹ́ tí ó ti wà nínú Windows fún kíka irú fáìlì yìí:

dism /Get-WimInfo /WimFile:E:\sources\install.wim

Bí ó bá jẹ́ install.esd ni ó wà níbẹ̀, ẹ fi esd rọ́pò wim. Gbogbo Windows tí ó wà nínú fáìlì náà ni yóò jáde, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú nọ́ńbà tí wọ́n ń pè ní Index, nítorí fláàṣì kan ṣoṣo lè gbé Home, Education àti Pro pọ̀. Ẹ wá mú nọ́ńbà kan, kí ẹ tún bi í báyìí:

dism /Get-WimInfo /WimFile:E:\sources\install.wim /Index:1

Ìdáhùn sí èyí ni ẹ ń wá. Lórí ìlà Architecture, x86 túmọ̀ sí bíìtì 32, x64 sì ni bíìtì 64. Lábẹ́ rẹ̀ ni Version wà, fún àpẹẹrẹ 10.0.17763, pẹ̀lú ServicePack Build, Edition, Installation, èdè tí ó wà nínú rẹ̀ àti ọjọ́ tí wọ́n ṣe é. Àṣẹ yìí kì í kọ ohunkóhun sórí hard disk yín, kíkà lásán ni ó ń kà.

Ní ti nọ́ńbà build, èyí tí ó gbẹ̀yìn nínú Version, ẹ kọ àwọn wọ̀nyí sára ògiri ṣọ́ọ̀bù. 7600 ni Windows 7 tí kò ní Service Pack (àkójọ àtúnṣe láti ọwọ́ Microsoft), 7601 ni èyí tí ó ní Service Pack 1. 9200 ni Windows 8, 9600 sì ni 8.1. Windows 10 bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 10240 ní oṣù Keje ọdún 2015. 14393 ni ẹ̀dà 1607, 17763 ni 1809, 18362 ni 1903, 19041 ni 2004. Windows 11 ni ó ń da ọ̀pọ̀ ènìyàn láàmú, nítorí pé 10.0 náà ni ó ṣì ń kọ síwájú: 22000 ni àkọ́kọ́ tí ó jáde ní oṣù Kẹwàá ọdún 2021, 22621 ni 22H2, 22631 ni 23H2, 26100 sì ni 24H2. Bí ẹ bá ti rí 22000 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí ìlà Installation sì kọ Client, Windows 11 ni.

* * *

Ọ̀gá kan tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Alẹ́kúwodò kọ̀wé pé mo ń fi ọ̀rọ̀ gùn lásán, pé láti ọjọ́ tí òun ti ń ṣe iṣẹ́ yìí, Properties setup.exe kò tíì já òun kulẹ̀ rí. Mo bọ̀wọ̀ fún ìrírí rẹ̀, n kò sì ní jiyàn pé ó yára. Fún Windows 7 àti 8, n kò rí ohun tí ó burú níbẹ̀. Láti ìgbà tí Windows 10 ti dé ni ìṣòro ti wọ̀ ọ́.

Ìṣòro kìíní wá láti ọwọ́ Microsoft fúnra wọn. Láti ẹ̀dà 2004 títí dé 22H2, orí ìpìlẹ̀ kan náà ni wọ́n kọ́ Windows 10 lé: 19041, 19042, 19043, 19044 àti 19045. Ohun tí ó ń sọ 19041 di 19045 kò ju àpò ìmúdójúìwọ̀n kékeré kan lọ, tí ó ń ṣí àwọn ohun tí ó ti wà nínú rẹ̀ ní pípadé tẹ́lẹ̀. Nítorí náà ni setup.exe inú fláàṣì 22H2 ṣe lè kọ 10.0.19041 sí Properties, tí oníbàárà yóò sì sọ pé ẹ fẹ́ gbé ti ọdún 2020 fún òun. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí láàárín 18362 àti 18363, àti láàárín 22621 àti 22631. Kí n má parọ́, DISM pàápàá lè kọ 19041 nínú irú ọ̀ràn yìí, nítorí náà, bí ó bá ṣe pàtàkì kí ẹ mọ̀ bóyá 21H2 ni tàbí 22H2, ẹ ní láti wọ inú ẹrù náà.

Ẹ fi ètò 7-Zip ṣí install.wim tàbí install.esd bí ìgbà tí ẹ ń ṣí fáìlì zip. Bí Windows inú rẹ̀ bá ju ọ̀kan lọ, ẹ wọ fóldà tí ó ní nọ́ńbà Index tí ẹ fẹ́, kí ẹ lọ sí Windows\System32\config, kí ẹ fa fáìlì tí ó ń jẹ́ SOFTWARE jáde sí ibì kan, bí àpẹẹrẹ C:\wo. Lẹ́yìn náà, nínú Command Prompt:

reg load HKLM\WO C:\wo\SOFTWARE

reg query "HKLM\WO\Microsoft\Windows NT\CurrentVersion" /v DisplayVersion

reg unload HKLM\WO

Ìlà kejì ni yóò sọ fún yín bóyá 22H2 ni. DisplayVersion kò sí nínú àwọn ẹ̀dà tí ó ṣáájú 20H2, nítorí náà bí kò bá rí nǹkan kan, ẹ fi CurrentBuild rọ́pò rẹ̀. Ẹ má gbàgbé ìlà kẹta, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, Windows kò ní jẹ́ kí ẹ pa fáìlì náà rẹ́.

Ìṣòro kejì wá láti ọwọ́ àwa oníṣẹ́. Nígbà tí Windows 11 dé, tí ó ní òun kò ní wọ ẹ̀rọ tí kò ní TPM 2.0 (ẹ̀yà ààbò kékeré kan nínú ẹ̀rọ), ọ̀pọ̀ ènìyàn mú install.wim ti Windows 11, wọ́n sì fi í rọ́pò èyí tí ó wà nínú fláàṣì Windows 10, kí setup ti Windows 10 lè gbé e wọlé láìbéèrè. Irú rẹ̀ kan bọ́ sí mi lọ́wọ́ láti ọ̀dọ̀ oníbàárà kan tí ó ń ṣe iṣẹ́ ìtẹ̀wé ní Òkè-Fìà. Setup.exe kọ 10.0.19041, ojú àkọ́kọ́ tí ó ṣí jẹ́ aláwọ̀ àlùkò bí ti Windows 10, oníbàárà náà sì ń búra pé Windows 10 ni òun fi owó òun rà. DISM kọ 10.0.22000. Ẹ̀rọ tí ó fẹ́ gbé e sí ni ó ń bá máṣíìnì ìtẹ̀wé rẹ̀ ṣiṣẹ́, Windows 10 sì ni ó ní dráífà rẹ̀ (ètò tí ó ń jẹ́ kí Windows bá máṣíìnì sọ̀rọ̀) fún. Bí a bá ti tẹ̀lé setup.exe, ọ̀la ni ì bá mọ̀.

* * *

Ẹ jẹ́ kí a dá àwọn oní-búùtù lóhùn, torí àwọn ni wọ́n pọ̀ jù.

Bí ẹ bá fi fláàṣì búùtù, ohun tí ẹ ń rí ni boot.wim, Windows kékeré tí ó ń darí iṣẹ́ náà, kì í ṣe install.wim. Nínú fláàṣì tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn, àwọn méjèèjì bá ara wọn mu. Nínú èyí tí mo sọ tán yìí, wọn kò bá ara wọn mu.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti kan ẹni tí ó béèrè gan-an ni ti Home àti Pro. Láti ìgbà Windows 8 ni àwọn tí ń ṣe láptọ́ọ̀pù ti ń fi nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ Windows pamọ́ sínú BIOS ẹ̀rọ náà (ètò tí ó ń kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ bí a bá tan ẹ̀rọ), ní ibi tí wọ́n ń pè ní MSDM. Bí láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ kan bá ní ti Home nínú, setup yóò kà á, yóò sì mú Home láìbi yín léèrè, bí Pro tilẹ̀ wà nínú fláàṣì náà gbagidi. Ẹ gbé fláàṣì yẹn kan náà lọ sórí ẹ̀rọ mìíràn tí kò ní nǹkan kan nínú BIOS, yóò to gbogbo orúkọ wọn síwájú yín pé kí ẹ yan èyí tí ẹ bá fẹ́. Ó ṣeé ṣe kí fláàṣì yín má ní ẹ̀bi kankan, kí ó jẹ́ pé láptọ́ọ̀pù akẹ́kọ̀ọ́ náà ni ó dáhùn dípò rẹ̀. Búùtù kò lè fi èyí hàn yín, nítorí pé ohun tí ẹ rí lórí ẹ̀rọ kan kò ní bá ohun tí ẹ ó rí lórí èkejì mu.

Bí ẹ bá fẹ́ kí setup máa béèrè ní gbogbo ìgbà, ẹ ṣí Notepad, ẹ kọ ìlà mẹ́rin yìí, kí ẹ sì fi orúkọ ei.cfg pa á mọ́ sínú fóldà sources:

[Channel]
Retail
[VL]
0

Ẹ sọ fún oníbàárà pé nọ́ńbà Home tí ó wà nínú BIOS kò ní mú Pro ṣiṣẹ́ fún un. Òun ni yóò ra ti Pro.

Ní ti bíìtì 32 yẹn, ẹ ṣí fláàṣì náà kí ẹ wò ó dáadáa. Bí ẹ kò bá rí sources lójú àkọ́kọ́, tí ó jẹ́ fóldà x86 àti x64 ni ẹ rí, a jẹ́ pé méjèèjì ni ó wà nínú rẹ̀. Setup ní láti béèrè èyí tí ẹ fẹ́ nígbà tí ó ń búùtù, ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá sì yá jù lè yan bíìtì 32 láìkà á. Nínú irú fláàṣì bẹ́ẹ̀, E:\x64\sources ni ẹ ó máa fi sínú àṣẹ DISM.

Mo gbà pé ìgbà mìíràn wà tí kò sí kọ̀ǹpútà kejì, tí èyí tí ó bàjẹ́ nìkan ni ó wà níwájú yín. Ẹ fi fláàṣì búùtù nígbà náà, ṣùgbọ́n kí ẹ tó tẹ Next ẹyọ kan, ẹ tẹ Shift àti F10 pọ̀. Command Prompt yóò ṣí. Ẹ tẹ diskpart, lẹ́yìn náà list volume, kí ẹ lè mọ lẹ́tà tí fláàṣì gbà, nítorí ó lè yàtọ̀ sí ti ilé. X ni Windows kékeré náà fúnra rẹ̀, kì í ṣe òun ni ẹ ń wá. Ẹ tẹ exit, kí ẹ sì lo DISM bí mo ṣe kọ ọ́ lókè. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín èmi àti àwọn oní-búùtù kò ju Shift àti F10 yẹn lọ.

* * *

Orúkọ fláàṣì ńkọ́? N kò ní pẹ́ lórí ìyẹn. ESD-USB ni irinṣẹ́ Microsoft tí ń ṣe fláàṣì máa ń sọ ọ́, ì báà jẹ́ Windows 10 ni tàbí 11, nítorí náà kò sọ nǹkan kan. DVD Windows 7 sàn díẹ̀: GSP1RMCULXFRER ni bíìtì 64 tí ó ní Service Pack 1, GRMCULFRER sì ni bíìtì 32 tí kò ní in. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá lo Rufus, ètò kan tí a fi ń ṣe fláàṣì, lè pe fláàṣì rẹ̀ ní orúkọ tí ó bá wù ú. Mo ti rí èyí tí ó ń jẹ́ WIN11 tí Windows 8.1 wà nínú rẹ̀.

* * *

Àwọn DVD àtijọ́ ni ó yẹ kí a fara balẹ̀ fún, nítorí pé ẹnì kan ti gbà yín nímọ̀ràn pé kí ẹ kó wọn dànù, n kò sì fara mọ́ ọn. Microsoft dẹ́kun àtìlẹ́yìn fún Windows XP ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹrin ọdún 2014, wọ́n sì ṣe bẹ́ẹ̀ fún Windows 7 ní ọjọ́ 14 oṣù Kìíní ọdún 2020, ṣùgbọ́n àwọn tí wọ́n ń lo ẹ̀rọ ìgé sítíkà àti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé àtijọ́ ní agbègbè Òkè-Fìà mọ̀ pé dráífà wọn kò kọjá Windows 7. Wọ́n ń lò ó láìso ó mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì. Bí tiwọn bá bàjẹ́, ọ̀dọ̀ ẹni tí ó ní DVD ni wọ́n ń sá lọ.

DVD tàbí síídì XP kò ní install.wim rárá. Fóldà I386 ni ẹ ó rí, àwọn fáìlì kéékèèké sì wà lójú àkọ́kọ́ tí orúkọ wọn nìkan ti tó: WIN51IP ni Professional, WIN51IC ni Home. Bí ẹ bá rí WIN51IP.SP3, Professional tí ó ní Service Pack 3 ni. Bí ó bá jẹ́ .SP2 ni ó parí sí, Service Pack 2 ni. Nígbà náà ẹ wọ inú I386, ẹ fi Notepad ṣí setupp.ini. Ìlà Pid wà nínú rẹ̀. Bí ó bá parí sí OEM, nọ́ńbà tí ó wà lára sítíkà ẹ̀yìn ẹ̀rọ ni ó ń gbà. Bí ó bá parí sí 270, ti àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá ni, kò sì ní gba nọ́ńbà ti sítíkà rárá. Àìmọ èyí ni ó ń mú kí àwọn kan máa tẹ nọ́ńbà tí ó péye títí ilẹ̀ yóò fi ṣú.

Ní ti Windows 7, DISM ń kà á dáadáa. Ẹ tún wo ei.cfg inú sources, nítorí òun ni ó ń so DVD mọ́ Ultimate tàbí Professional nìkan, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé gbogbo wọn sábà máa ń wà nínú install.wim kan náà. Fáìlì kan tún wà níbẹ̀ tí ó ń jẹ́ cversion.ini, tí ẹ ó rí 7233.0 nínú rẹ̀. Ẹnì kan lókè ti fi ìyẹn sọ pé DVD òun jẹ́ Windows 7 tí kò tíì parí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun tí nọ́ńbà yẹn ń sọ ni Windows ìdánwò tí ó kéré jù tí DVD náà gbà láti gbéga, kò sọ ohunkóhun nípa DVD fúnra rẹ̀.

Ẹ má sì fi Windows 7 lọ bá láptọ́ọ̀pù tuntun nítorí pé oníbàárà bẹ̀ yín. Kò ní dráífà USB 3.0 nínú, máùsì àti kíbọọ̀dù lè kú ní ojú setup.

* * *

Arábìnrin kan tí ó ń ta láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ ní Ìgbọ̀nà béèrè bóyá fóònù lè ṣe é, nítorí pé òun kì í ní iná nígbà tí òun bá lọ rajà. Ó lè ṣe é dé àyè kan. Ẹ fi okùn OTG so fláàṣì mọ́ fóònù. Bí ọ̀nà tí wọ́n fi ṣe fọ́máàtì fláàṣì náà bá jẹ́ FAT32, yóò ṣí. Bí ó bá jẹ́ NTFS, ọ̀pọ̀ fóònù Android ni yóò sọ pé kí ẹ ṣe fọ́máàtì rẹ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe gbà fún un.

Bí ó bá ṣí, ẹ wá idwbinfo.txt nínú sources. Ìwé lásán ni, ohunkóhun tí ń ṣí ìwé lè kà á. BuildArch inú rẹ̀ yóò kọ amd64 tàbí x86, BuildBranch yóò sì kọ irú orúkọ bí win7sp1_rtm, rs5_release, vb_release, co_release tàbí ni_release. rs5 ni 1809, vb ni ìdílé 19041, co ni Windows 11 àkọ́kọ́, ni sì ni ìdílé 22621. Nínú fóldà efi\boot, bootx64.efi túmọ̀ sí bíìtì 64, bootia32.efi sì túmọ̀ sí bíìtì 32. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ alábàárù ni gbogbo èyí. Ó tó fún ẹni tí ó ń rajà lójú ọjà, kò tó fún ẹni tí ó fẹ́ fọ hard disk.

* * *

Fún àwọn tí wọ́n ń lo Linux, tiwọn rọrùn. DVD Ubuntu àti Debian ní fóldà kan tí ó ń jẹ́ .disk, fáìlì info sì wà nínú rẹ̀ tí ó ń sọ ohun gbogbo ní ìlà kan, irú bí Ubuntu 20.04 LTS "Focal Fossa" - Release amd64 (20200423). Ti Fedora wà nínú .treeinfo. Bí ẹ bá wà lórí Linux tí ẹ sì fẹ́ ka fláàṣì Windows, ẹ fi ètò wimlib sórí rẹ̀, kí ẹ tẹ wiminfo pẹ̀lú orúkọ fáìlì náà.

* * *

Ìjiyàn tí ó gbóná jù ni ti ẹni tí ó ní kí a da gbogbo rẹ̀ nù, kí a wa ti tuntun láti ojú-òpó Microsoft. Ìdajì ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni mo gbà. Windows 10 tàbí 11 kan lé ní gígábáìtì 4, ẹni tí ó bá ń ra dátà mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí, àgàgà bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá já nígbà tí ó ku díẹ̀ kí ó parí. Síbẹ̀, fún ẹni tí ń gba owó lọ́wọ́ oníbàárà, fláàṣì kan tí ẹ fi ọwọ́ ara yín ṣe kò ṣeé fi ohunkóhun rọ́pò, nítorí pé DISM lè sọ ẹ̀dà tí ó jẹ́, kò lè sọ fún yín ohun tí ẹlòmíràn ti kì bọ inú rẹ̀.

Ẹ wo àwọn nǹkan wọ̀nyí. Bí ìlà Name nínú ìdáhùn DISM bá ní ọ̀rọ̀ bí Lite tàbí Gamer nínú, Microsoft kọ́ ni ó sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Name lásán ni ọ̀rọ̀ tí ẹnikẹ́ni lè yí padà, nítorí náà kí ẹ máa fi ti Version àti ti fáìlì SOFTWARE wé e. Bí fóldà $OEM$ bá wà nínú sources, ẹ wọ inú rẹ̀ lọ títí ẹ ó fi dé $$\Setup\Scripts. Bí SetupComplete.cmd bá wà níbẹ̀, ẹ fi Notepad ṣí i, ẹ má ṣe tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Gbogbo àṣẹ tí ó bá wà nínú rẹ̀ ni Windows yóò mú ṣẹ ní ìparí iṣẹ́, láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Autounattend.xml, ìwé tí ó ń dáhùn ìbéèrè setup dípò yín, náà yẹ kí a kà, ṣùgbọ́n kì í ṣe olè ní gbogbo ìgbà. Rufus pàápàá ń lo irú ìwé bẹ́ẹ̀ láti fo ìbéèrè TPM.

Bí ó bá jẹ́ fáìlì ISO (ẹ̀dà odindi DVD nínú fáìlì kan) ni ẹ gbà lọ́wọ́ ẹnì kan, tí ẹ kò tíì tú u sórí fláàṣì, ẹ tẹ certutil -hashfile, orúkọ fáìlì, àti SHA256 láìsí kọ́mà láàárín wọn, kí ẹ fi nọ́ńbà gígùn tí ó bá gbé jáde wé èyí tí Microsoft kọ sí ojú-òpó wọn. Bí lẹ́tà kan bá yàtọ̀, kì í ṣe fáìlì kan náà.

Ẹ rántí pẹ̀lú pé àtìlẹ́yìn ọ̀fẹ́ fún Windows 10 parí ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ọdún 2025. Oníbàárà tí ó bá ṣì fẹ́ ẹ lè ní ìdí tirẹ̀, ṣùgbọ́n kí ẹ sọ fún un kí ẹ tó gba owó rẹ̀.

* * *

Ẹni tí ó béèrè ti padà wá. Ó ní òun ti wo púpọ̀ nínú wọn, mẹ́ta ni kò yé òun. Èkíní kọ 10.0.17763, ó sì rò pé Windows 10 1809 ni, ṣùgbọ́n Edition rẹ̀ kọ ServerStandard. Èkejì kò ní install.wim, kò ní install.esd, install.swm àti install2.swm ni òun rí. Ẹ̀kẹta ní install.esd, ṣùgbọ́n DISM ní òun kò lè kà á.

Ti àkọ́kọ́, Windows Server 2019 ni. Òun àti Windows 10 1809 jọ ń jẹ́ 17763, gẹ́gẹ́ bí Server 2016 àti 1607 ṣe jọ ń jẹ́ 14393. Ìlà Installation yóò kọ Server tàbí Server Core, kì í ṣe Client. Ẹ kọ Server sí i lára gàdàgbà, nítorí ẹni tí ó bá gbé e sórí láptọ́ọ̀pù akẹ́kọ̀ọ́ yóò máa wá dráífà Wi-Fi títí.

Ti èkejì kò bàjẹ́. FAT32 kì í gba fáìlì kan ṣoṣo tí ó bá tó gígábáìtì 4, nítorí náà ẹni tí ó ṣe fláàṣì náà gé install.wim sí méjì. Install.swm, èyí tí kò ní nọ́ńbà, ni kí ẹ fi sínú àṣẹ DISM. Ẹ má ṣe ya àwọn méjèèjì kúrò lọ́dọ̀ ara wọn.

Ti ẹ̀kẹta, ẹ kọ́kọ́ sọ fún wa irú Windows tí ó wà lórí kọ̀ǹpútà tí ẹ ń lò ní ṣọ́ọ̀bù. Bí Windows 7 ni, DISM rẹ̀ kò mọ esd rárá, fláàṣì náà kò sì ní àbùkù. Ẹ gbé e lọ sórí ẹ̀rọ Windows 10, tàbí kí ẹ fi 7-Zip tuntun ṣí i. Bí Windows 10 ni ẹ ń lò tí ó ṣì kọ̀, ẹ da install.esd náà sórí hard disk yín. Bí dídà náà bá dúró lójú ọ̀nà pẹ̀lú àṣìṣe, fláàṣì ni ó ti ń kú, ẹ má ṣe fi í ṣe iṣẹ́ ẹnikẹ́ni mọ́.